Kí O Tó Ra DAC: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Olólùfẹ́ Orin ní Àjàṣẹ́

Ẹ káalẹ́ o. Mo kí ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì kí ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ tó rìn jìnnà wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí DAC, ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà orin di iná tí sípíkà lè lò, nítorí pé kò sí ẹni tó ra áńpílì sílé báyìí tí kì í béèrè pé èwo ni kóun rà, èló ni kóun ná sí i. Ìdáhùn mi lè bí àwọn tó ń tà á nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa sọ bóyá ó wúlò nílé yín. Ohun tó kù, àríyànjiyàn rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Kí tiẹ̀ ni DAC ń ṣe? Orin tó wà nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà, nínú CD, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Sípíkà, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè ní baffle, kò mọ nọ́ńbà. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ló mọ̀. DAC ló ń gba nọ́ńbà wọ̀nyẹn, tó ń sọ wọ́n di iná tí áńpílì lè gbé lágbára. Ọ̀kan ti wà nínú fóònù yín, ọ̀kan wà nínú TV, ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ CD. Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ó yẹ kí ẹ ra òmíràn rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi CD ṣe ìpìlẹ̀. Sony àti Philips ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀, ó sì dé ọjà ní 1982. Nọ́ńbà 44,100 ló ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí ọ̀tún, iye kan náà fún etí òsì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16, ìyẹn ni pé ìpele 65,536 ló wà tó lè bọ́ sí. Kí ló dé tó fi jẹ́ 44,100? Ìṣirò kan wà tí Harry Nyquist fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1928, tí Claude Shannon sì fẹ̀rí rẹ̀ hàn kedere ní 1949: tí ẹ bá wọn ohùn kan ní iye ìgbà tó ju ìlọ́po méjì gbígbọ̀n rẹ̀ lọ, ẹ ti mú un tán, kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀. Etí ọmọdé tó dá ṣáká ń gbọ́ gbígbọ̀n tó tó 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 40,000, CD sì ti kọjá ibẹ̀. Àwa tí irun ti ń funfun, 15,000 gan-an kì í sábà kàn wá mọ́.

Àwọn kan á ya àwòrán fún yín, wọ́n á ní ohùn CD rí ṣágiṣàgi bí àtẹ̀gùn, pé DAC olówó gọbọi ló ń mú un dán. Irọ́ ni. Gbogbo DAC tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní àsẹ́ tó ń sẹ́ ohùn náà kó tó jáde, ohùn tó bá sì ti jáde kò ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kankan nínú mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní abúlé, ẹ rántí bí lẹ́tà ṣe máa ń dé láti Libreville tàbí Abidjan. Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà, wọ́n á pe ọmọ ilé ìwé kan kó wá kà á sétí rẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá ń gbé ọ̀rọ̀ mì, lẹ́tà náà kò ní yé ìyá dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá ti kà á geerege, ẹ ìbáà ránṣẹ́ pe ọ̀gá ilé ìwé, ẹ ìbáà pe ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti yunifásítì Abomey-Calavi, ohun tó wà nínú lẹ́tà kò ní pọ̀ sí i. Owó tí ẹni tó wà lẹ́yìn odi kò fi ránṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè kà á jáde. DAC tó ń kà geerege ti pọ̀ lọ́jà báyìí, wọn kò sì wọ́n.

Ẹ wo okùn kékeré tí Apple ń tà fún àwọn tí fóònù wọn kò ní ihò tí a ń ki earphone bọ̀ mọ́, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ USB-C. Dọ́là 9 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. DAC ni, inú orí funfun tí kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ yẹn ló wà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn ìdọ̀tí inú ohùn sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó mọ́. Àbùkù kan ló ní tó kan àwa níbí: èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, ìdajì agbára ti Amẹ́ríkà ló ń gbé jáde, nǹkan bíi volt 0.5 (0.5 V). Bí ẹ̀gbọ́n yín bá rà á bọ̀ láti Paris, ohùn rẹ̀ lè má ròkè tó lórí áńpílì yín, ẹ óò wá rò pé ó bàjẹ́.

Lórí páálí, ẹ óò rí SINAD. Ó ń sọ bí ohùn gidi ṣe ga ju ariwo àti ìdọ̀tí tí ẹ̀rọ fi kún un lọ. Bí wọ́n bá kọ 100 dB (dB ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), ìdọ̀tí náà jẹ́ ìpín kan nínú 100,000. Sípíkà tó dára, tí a bá yí ohùn rẹ̀ sókè, tí ìlù tó wúwo bá ń dún, ìdọ̀tí tirẹ̀ lè tó ìpín kan nínú 100. Ìlọ́po 1,000 ti DAC nìyẹn. Ẹni tó ń sáré láti 100 lọ sí 120 lórí DAC, tí ìdọ̀tí tó ń gbọ́ sì jẹ́ ti sípíkà, ìyẹn ń gbá ojúlé nígbà tí òrùlé ń jò.

Ọ̀rọ̀ bíìtì ńkọ́? Bíìtì kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi 6 dB kún àlàfo tó wà láàárín ohùn tó kéré jù àti èyí tó ga jù. 16 fún wa ní 96 dB. 24 yẹ kó fún wa ní 144, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀, àwọn tó dára jù ń jà ní 120 sí 130. Ní pálọ̀ kan ní Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀kadà zémidjan ti ń kọjá lójú títì, tí ẹ̀rọ amúlétutù aládùúgbò ń mí, ariwo ilé gan-an lè tó 40 dB. Ẹ fi 96 lé e, ó di 136. Ìyẹn ti kọjá ibi tí etí ti ń ro ènìyàn. Bíìtì 16 tó láti gbọ́ orin. Bíìtì 24 wúlò fún àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, èmi náà kò sọ pé kò wúlò.

Ní 2007, E. Brad Meyer àti David Moran tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú orin tí bíìtì rẹ̀ ga, wọ́n jẹ́ kó lọ tààrà, lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kó gba inú ìlànà CD kọjá, wọ́n wá ní káwọn ènìyàn sọ èwo ni èwo. Nínú 554 ìgbà, 276 ni wọ́n gbà á. Ẹni tó kàn ń ju owó ẹyọ sókè láti fi yàn á gba iye tó súnmọ́ ọn.

Ojú tí ẹ fi ń wò mí yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n kan ní òun gbọ́ ìyàtọ̀ DAC pẹ̀lú etí ara òun. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. DAC ni mo fi aṣọ bò níbí. Mo ti fi ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Kétu sí i, mo máa lù ú lẹ́ẹ̀mejì fún yín. Ẹ gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́ èkejì.

Èwo ló dùn jù? Ẹ nawọ́. Ọwọ́ tó nà sí èkejì ló pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ìyá ìlù yọ síwájú nínú rẹ̀, pé òun tiẹ̀ ń gbọ́ awọ. Àbúrò kan níwájú ní ohùn àkọ́kọ́ ti bò. Ó dáa. Ẹ wá wo abẹ́ aṣọ. DAC kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ohun kan náà ni ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo kàn mú kí ohùn èkejì ga díẹ̀, kò tó 1 dB. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, etí gbogbo wa bẹ́ẹ̀ ló rí: èyí tó ga díẹ̀ la máa ń pè ní èyí tó dára. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà ló mọ ìyẹn, wọ́n á sì jẹ́ kí èyí tó wọ́n ké jù èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi DAC méjì wéra nílé, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ wá ohùn kan tó dúró lójú kan, 100 Hz (gbígbọ̀n 100 ní ìṣẹ́jú àáyá) dára, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lù ú jẹ́jẹ́ nínú DAC àkọ́kọ́, kí ẹ fi ẹnu multimeter, ẹ̀rọ tó ń wọn iná, kan ibi tí wáyà ti wọ sípíkà, kó wà lórí volt AC. Ẹ kọ iye tó bá fi hàn sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ sí DAC kejì, kí ẹ yí ohùn rẹ̀ títí iye náà yóò fi bára mu, kí àṣìṣe rẹ̀ má ju ìpín kan nínú 100 lọ. Ẹ wá jẹ́ kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn lẹ́yìn yín, láìsọ fún yín. Mo mọ ọkùnrin kan tó ṣe é bẹ́ẹ̀, tó sì ta èyí tó wọ́n lọ́la rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kí mi.

Ẹ jẹ́ ká yíjú sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wàyí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ohun tó ń mú àwọn ènìyàn wá bá mi jù ni TV. Wọ́n ní áńpílì àtijọ́ tó lágbára, tó wá láti Yúróòpù, ihò RCA pupa àti funfun nìkan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ra TV tuntun, kò sí RCA lẹ́yìn rẹ̀, optical àti HDMI ló ní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò DAC ní tòótọ́, èyí tó kéré tó sì ní optical á ṣe é. Toshiba ló gbé optical yẹn jáde ní 1983, òun ló fi ń jẹ́ TOSLINK. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú okùn ike rẹ̀, kì í ṣe iná. Ẹ tan TV, ẹ wo ẹnu okùn náà, ẹ óò rí i tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìdérí ike kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí ojú ń rí òdìkejì rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó tì í bọ inú ihò. Ilé tí wọ́n ti ní DAC kú, tó sì jẹ́ pé ìdérí yẹn ló ṣì wà lẹ́nu okùn, mi ò lè kà wọ́n tán. Méjì nínú igun mẹ́rin rẹ̀ gé, tí kò bá wọlé, ẹ má fipá tì í, ẹ yí i.

Tí ẹ bá ti fi sí i tán, tí kò sì dún, ẹ má tíì padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín. Ẹ wọ ibi ètò ohùn nínú TV, níbi tí wọ́n kọ Son sí (ohùn lédè Faransé nìyẹn), kí ẹ wá PCM, ìyẹn nọ́ńbà ohùn tí wọn kò dì, kí ẹ yàn án. Ọ̀pọ̀ TV máa ń gbé Dolby, ohùn tí wọ́n dì, jáde láti ilé iṣẹ́ wọn, DAC olóhùn méjì kò sì mọ Dolby. Ó lè dákẹ́, ó sì lè máa ké ṣàà bí ẹni pé ó fẹ́ bú.

Ẹni tó ń gbọ́ orin láti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, USB ni tirẹ̀. Àsìkò tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa jáde, DAC òde òní ló ń dá a pè fúnra rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jitter, ìyẹn kí àsìkò nọ́ńbà má dọ́gba, dẹ́rù bà yín. Coaxial ń ṣiṣẹ́ kan náà pẹ̀lú optical, wáyà 75 ohm ló ń fẹ́. Bluetooth rọrùn, kò burú fún àlejò tó fẹ́ fi orin tirẹ̀ sí i. Tí fóònù àti DAC bá jọ mọ LDAC tàbí aptX, àwọn ọ̀nà tí Bluetooth fi ń gbé orin, ohùn náà á tún dára sí i.

Níbi tí orin ti ń jáde, ẹ wo volt. 2 V ló wọ́pọ̀ lórí RCA, 4 V lórí XLR, ihò ńlá oníhò mẹ́ta. Áńpílì tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi 1970, nǹkan bíi 150 mV (0.15 V) péré ni ihò Aux tàbí Tuner rẹ̀ ń retí. Ẹ fi 2 V sí i, ẹ kàn fọwọ́ kan bọ́tìnnì ohùn báyìí, ilé ti ń mì, ohùn ọ̀tún àti òsì kò sì ní dọ́gba níbi tí bọ́tìnnì náà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Fún irú áńpílì yẹn, ẹ wá DAC tó ní bọ́tìnnì ohùn tirẹ̀, kí ẹ lè dín in kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi DAC sí ihò tí wọ́n kọ Phono sí. Abẹ́rẹ́ àwo tó ń mú nǹkan bíi 5 mV wá ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, á sì fi báàsì kún ohùn lọ́nà tí kò yẹ.

DAC tó ní bọ́tìnnì ohùn àti rìmóòtù tún lè dá dúró láìsí áńpílì, tí sípíkà yín bá ti ní iná tirẹ̀ nínú. Ẹ kàn rí i pé ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kí ẹ tó tan ohunkóhun. Mo ti rí sípíkà tó gbóná kú ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí pé DAC jí lókè pátápátá.

Ọ̀rọ̀ iná ló tún kù. 220 V, 50 Hz là ń lò. Tí ẹ bá ń gbọ́ hùùù nínú sípíkà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, 50 yẹn ni tàbí 100 tó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló sábà ń fà á. Ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ó máa lo bátìrì. Tí hùùù bá dákẹ́, DAC yín kò ní àrùn kankan: ilẹ̀ iná (earth) kọ̀ǹpútà àti ti áńpílì ló ń bá ara wọn jà gba inú wáyà kọjá. Ẹ fi gbogbo ẹ̀rọ sí ojú iná kan ṣoṣo. Tí ìyẹn kò bá ràn án, optical á ràn án, nítorí pé iná kò lè gba inú ike. Ìdí kan náà ni mo ṣe fẹ́ràn optical lásìkò òjò, nígbà tí àrá bá ń sán. Ohun tó bá bá TV kò ní gba inú ìmọ́lẹ̀ dé inú áńpílì. Ẹ ṣì yọ púlọ́ọ̀gì o.

Nígbà tí ẹ bá ń yàn, ẹ wá èyí tí iná rẹ̀ jẹ́ 5 V USB. Ṣájà fóònù èyíkéyìí lè gbé e, power bank á gbé e tí iná bá lọ, ẹ ò sì ní máa wá ṣájà kan tí kò sí ní ọjà Wàǹdó, tí kò sí ní ọjà Tọ̀kpá. Èmi kì í fi èyí ṣeré. DAC olówó ńlá tí ṣájà rẹ̀ ti jó, tó ń retí ẹni tó ń bọ̀ láti Japan, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Ẹnìkan béèrè pé chip wo, ìyẹn èérún kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú DAC, ló dára jù, ti ilé iṣẹ́ ESS ni àbí ti AKM. Ní oṣù kẹwàá 2020, iná jó ilé iṣẹ́ AKM tó wà ní Nobeoka ní Japan, chip wọn sì di ọ̀wọ́n gógó lágbàáyé. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lò ó yí ẹ̀rọ wọn padà, wọ́n fi chip ẹlòmíràn sí i, wọ́n ń bá ọjà wọn lọ. Bí wọ́n ṣe to ohun tó yí chip náà ká ló ṣe pàtàkì jù. Ní ti R2R (DAC tí wọ́n fi àtẹ̀gùn resistor ṣe) àti NOS (èyí tí kì í fi nọ́ńbà kún nọ́ńbà kó tó sọ ọ́ di iná) tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbéra ga, wọ́n ní ohùn wọn rọ̀, òótọ́ ni: NOS tí wọ́n kò fi nǹkan tún un ṣe ń fi nǹkan bíi 3 dB gé ohùn 20,000 Hz kúrò nínú orin CD. Bó bá dùn mọ́ yín, ẹ rà á. Ọbẹ̀ tí ẹnìkan fẹ́ràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kàn má sọ fún mi pé ó jẹ́ òótọ́ ju èkejì lọ.

Bàbá kan ní òun ní orin àpàlà àtijọ́ tí ọmọ òun fi WhatsApp ránṣẹ́, pé DAC wo ló máa tún un ṣe. Bàbá, kò sí. Wọ́n ti gé orin yẹn kù níbi tí wọ́n ti gbà á kúrò lára àwo, wọ́n tún gé e kù nígbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wá ẹni tó ní àwo náà, kó gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó fi í sí FLAC, irú fáìlì tí kì í gé orin kù. Ìyẹn á ṣe yín láǹfààní ju DAC èyíkéyìí tí mo lè dárúkọ.

Owó tó bá kù lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ síbi sípíkà àti ilé. Pálọ̀ wa níbí, ògiri sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ táìlì, fèrèsé gíláàsì, ohùn ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n káàkiri ni. Ẹ fi kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé, ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sáàárín. Ẹ gbé sípíkà kúrò lórí fíríìjì, kí ẹ gbé e wá sí ibi tí ẹnu rẹ̀ á ti bá etí yín dọ́gba, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá látọ̀dọ̀ arábìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà: òun ti ra èyí tó wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣé kóun tà á? Rárá o, àǹtí mi. Tó bá ní optical fún TV yín, tó ní USB fún fóònù yín, tí kò sì ń ké hùùù, ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ, DAC ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, áńpílì lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń pa wọ́n, áńpílì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí ohùn gbì tó máa ń jáde nínú DAC má baà kan sípíkà yín.